Bí A Ṣe Ń Tẹ Ayé Àfinúdá Dó: Ìtọ́sọ́nà fún Òǹkọ̀wé Tí Ń Dá Ìwé Ara Rẹ̀ Tẹ̀

Nígbà tí mo parí àkọ́kọ́ nínú àwọn ìtàn àròsọ mi nípa ayé tí kò sí, mo fún obìnrin kan tí ó ń ta iyọ̀ àti ata gígún ní ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì kà, nítorí pé òǹkàwé gidi ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi kà á tán. Kò bi mí léèrè nípa àwọn ọba mẹ́tàdínlógún tí mo to orúkọ wọn sí ojú ìwé àkọ́kọ́, kò sì sọ ohunkóhun nípa ogun tí mo fi oṣù mẹ́rin kọ. Ohun tí ó béèrè ni pé, “Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni àwọn ènìyàn yìí ti ń rí iyọ̀?” N kò ní ìdáhùn kankan. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé mo ti kọ ìlú tí kò ní ilẹ̀ lábẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lákọ̀tun. Bí mo ṣe ń ṣe é láti ìgbà náà ni mo kọ sílẹ̀ níhìn-ín fún ẹ̀yin tí ẹ ń dá ìwé yín kọ, tí ẹ ń dá a tẹ̀, tí kò sí olóòtú ilé iṣẹ́ kankan tí yóò bá yín rí àṣìṣe yín kí òǹkàwé tó rí i.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ mú ìyàtọ̀ kan ṣoṣo

Orí ohun kan tí ó yàtọ̀ sí ayé tiwa ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀lé ohun náà dé gbogbo ibi tí ó bá yà sí. Ìtàn Ògún ní Ìrè-Èkìtì, tí púpọ̀ nínú wa gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà, ni àpẹẹrẹ tí ó dára jù lọ tí mo mọ̀. Òfin kan ni ó wà nínú rẹ̀: ní ọjọ́ àjọ kan báyìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọhùn. Ògún ti ojú ogun dé, ó kí àwọn ènìyàn, wọn kò dáhùn. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó gbé agbè ẹmu, agbè ṣófo. Ó rò pé wọ́n ń fojú tín-ínrín òun, ó sì fa idà yọ. Bí ẹ bá yọ òfin ìdákẹ́jẹ́ náà kúrò, kò sí ìtàn mọ́. Òfin kan ṣoṣo ni ó bí ìbínú, ikú àti ẹ̀dùn ọkàn tí ó tẹ̀lé e.

Èmi yóò lo ayé tí mo ń kọ lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ jálẹ̀ ìtọ́sọ́nà yìí. Ní ọjọ́ kan tí mo dúró ní ẹsẹ̀ òkè ní Ìkéré-Èkìtì, níbi tí Olósùnta àti Òròlé ti yọ gọngọ sókè, ọmọdé kan pe ìyá rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti ara àpáta padà wá. Mo bi ara mi pé, bí àpáta bá pa ohùn yẹn mọ́ ńkọ́? Láti inú ìbéèrè yìí ni Ilẹ̀ Agbóhùn ti jáde. Ìyàtọ̀ rẹ̀ nìyí: àpáta kan wà tí ń gba ìbúra sílẹ̀, tí ó sì ń fi ohùn ẹni tí ó búra ké e jáde lọ́dọọdún títí ẹni náà yóò fi mú ìbúra náà ṣẹ.

Ẹ kọ ìyàtọ̀ tiyín sílẹ̀ ní gbólóhùn kan. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè ní ogún ìgbà pé: bí ó bá rí báyìí, kí ni ó tún gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn márùn-ún àkọ́kọ́ yóò rọrùn, ẹnikẹ́ni ni ó sì lè rò wọ́n. Láti orí ìkẹwàá ni tiyín ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní tèmi, ìkẹta ni pé wọn kì í kọ ìwé àdéhùn ní Agbóhùn. Ìkejìlá ni pé opó kan ń lọ sí ẹsẹ̀ àpáta lọ́dọọdún láti gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú, ó sì ń gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni má bá a san gbèsè tí ọkọ náà búra láti san, kí ohùn náà má baà dákẹ́. Nígbà tí mo kọ ìkejìlá yìí ni mo mọ̀ pé mo ní ìwé.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ya ilẹ̀ kí ẹ tó kọ́ ilé

Ẹ ra ìwé onílà-gígùn-òun-ìbú tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fi ń ṣe ìṣirò, kí ẹ sì pinnu pé sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ kìlómítà márùn-ún. Òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ yà, nítorí pé òkè ni ó ń sọ ibi tí omi yóò gbà. Odò ń ti òkè lọ sí ìsàlẹ̀. Odò kéékèèké ń pàdé di ńlá. Odò kan kì í ṣàdédé pín sí méjì kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, àfi nítòsí òkun tàbí níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú gan-an. Àṣìṣe yìí pọ̀ nínú àwòrán ilẹ̀ àwọn ayé àfinúdá, ẹni tí ó bá sì dàgbà ní ẹ̀bá odò yóò rí i lójú ẹsẹ̀.

Àwa tí a wà ní Èkìtì kò ní láti rìn jìnnà kí a tó rí ẹ̀kọ́. Ní Ìkógòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí wọ́n tó pàdé. Kí òǹkọ̀wé má ṣe dúró síbi ìyanu náà. Kí ó béèrè ẹni tí yóò máa fi omi gbígbóná wẹ ọmọ tuntun, ẹni tí yóò máa bó adìyẹ níbẹ̀, àti ìdílé tí yóò sọ pé ti àwọn ni ibi ìpàdé náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni odò Ọ̀ṣun, tí orísun rẹ̀ wà ní Ìgèdè-Èkìtì, tí ó sì rìn títí dé ọ̀sà Lẹ́kí. Omi tí ẹnì kan lè fẹsẹ̀ fò níbi tí ó ti ń sun ni àwọn ìlú tí ó jìnnà ń fi orúkọ rẹ̀ bọ òrìṣà. Bí ẹ bá ní odò nínú ayé yín, ẹ mọ ohun tí àwọn tí ó wà lókè ń pè é àti ohun tí àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ ń pè é, nítorí pé ìjà lè wà nínú àlàfo àárín orúkọ méjèèjì.

Lẹ́yìn òkè àti omi ni ẹ óò wọn ìrìn. Ẹni tí kò ru ẹrù lè rin kìlómítà márùn-ún ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Kí ẹ fi wákàtí kan kún un fún 600 mítà tí ó bá gùn sókè. Ìlú méjì kan wà ní Agbóhùn tí kìlómítà ogún wà láàárín wọn, tí gígun 300 mítà sì wà lójú ọ̀nà: wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ ni fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Obìnrin tí ó ru ìkòkò lórí yóò pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bí ó bá fẹ́ bá ọjà òwúrọ̀, yóò jí rìn ní òru, tàbí kí ó sùn sójú ọ̀nà. Nítorí náà ni ilé èrò kan ṣe wà ní àárín ọ̀nà, nítorí ilé èrò náà ni abúlé kan ṣe wà, inú abúlé náà sì ni ìtàn mi ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò ni ó fi ibẹ̀ hàn mí. N kì bá tí ronú kàn án.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Oúnjẹ, ẹrù àti owó

Ibi tí ìbéèrè iyọ̀ ti bá mi nìyí, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má fò ó. Ẹ mú ohun mẹ́fà tí ilé kan kò lè ṣe láìní: oúnjẹ, omi, iyọ̀, irin, aṣọ, igi ìdáná. Ẹ kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń wá, ẹni tí ń gbé e wá, àti ohun tí a fi ń gbà á. Èkìtì kò ní òkun. Nítorí náà, láyé àtijọ́, iyọ̀ òkun ní láti ti etíkun wá lórí àwọn ènìyàn. Ìsàn-Èkìtì sì gbajúmọ̀ fún ìkòkò mímọ nítorí pé amọ̀ tí ó dára wà níbẹ̀. Ohun tí ilẹ̀ bá ní ni ó ń sọ iṣẹ́ tí ọwọ́ yóò kọ́.

Bí ogun bá wà nínú ìwé yín, ẹ ṣe ìṣirò oúnjẹ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé iṣu nìkan ni ọmọ ogun ń jẹ, nǹkan bí kìlógíráàmù méjì ni yóò jẹ lójúmọ́. Ẹgbẹ̀rún kan ọmọ ogun yóò jẹ 2,000 kìlógíráàmù. Bí alárùú kan bá ru 25, ọgọ́rin alárùú ni yóò wọ bùdó lójoojúmọ́, àwọn náà yóò sì jẹun lójú ọ̀nà. Ọ̀gágun tí ó bá gbé ogun rẹ̀ kọjá oko, tí kò sì ronú nípa èyí, yóò pàdánù láìsí pé ẹnikẹ́ni yìnbọn.

Ní ti owó àti ọjọ́, ìṣirò àwọn baba wa fúnra rẹ̀ jẹ́ ọrọ̀ tí a kò tíì lò tó. Ogójì owó ẹyọ ni a ń sin sí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20,000. Ọ̀kẹ́ kan ti tó ẹrù ènìyàn kan, nítorí náà olówó tí ó ń rìnrìn àjò nílò àwọn tí yóò ru owó rẹ̀, àwọn arówó náà sì lè sá lọ. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin àti ọjà ọrọọrún ń jẹ́ kí àwọn ìlú tí ó múlé gbe ara wọn pín ọjọ́ ọjà láàárín ara wọn. Ẹ lè yí wọn padà fún ayé yín, ṣùgbọ́n kí ìdí wà. Ọjọ́ méje ni ọ̀sẹ̀ ní Agbóhùn, nítorí pé ìlú méje ni ó pín àpáta náà, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sì ni ti ìlú kan láti wá búra.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Agbára, àti gbèsè tí ó wà lórí rẹ̀

Ìhín ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń ṣubú, nítorí náà n óò dúró pẹ́ díẹ̀. Agbára tí kò ní iye ń pa ìtàn, nítorí pé òǹkàwé yóò máa béèrè ìdí tí akọni kò fi lò ó ní ojú ìwé àkọ́kọ́ kí gbogbo rẹ̀ parí. Àwọn baba wa kò ṣe àṣìṣe yìí. Ọfọ̀ ní ìlànà tí ó ṣe é tẹ̀lé: nínú orúkọ ohun kan ni iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ó ṣe sábà máa ń wà. Nígbà tí a bá sọ pé tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, ìró orúkọ ewé náà ni a fi pàṣẹ kí ẹni náà má ṣe tẹ́. Ẹni tí kò mọ orúkọ kò lè pàṣẹ. Èèwọ̀ sì wà, tí ó jẹ́ pé bí ẹni náà bá jẹ ẹ́, iṣẹ́ bàjẹ́. Ìmọ̀, ìlànà àti ewu ni mẹ́ta tí ẹ rí yẹn.

Ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin fún agbára yòówù tí ó bá wà nínú ayé yín. Ta ni ó lè lò ó? Kí ni yóò san, ìgbà wo sì ni? Kí ni agbára náà kò lè ṣe láé? Báwo ni àwọn tálákà ṣe ń yẹra fún un? Ìkẹrin ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé kò sí òfin tí ènìyàn kò wá ihò sí.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi wá ìdáhùn sí ìkejì fún Agbóhùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo kọ pé ẹ̀jẹ̀ ni àpáta ń gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò bá ohùn mu. Iye gbọdọ̀ jẹ́ ẹbí ohun tí a rà. Níkẹyìn, mo pinnu pé ọ̀rọ̀ gan-an ni owó rẹ̀: ohun tí ènìyàn bá fi búra, orúkọ ohun náà yóò kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí ayé. Ẹni tí ó bá búra pé òun yóò dá ewúrẹ́ padà kò lè pe “ewúrẹ́” mọ́, bí ó tilẹ̀ ń gbọ́ ọ nígbà tí ẹlòmíràn bá pè é. Bí ó bá mú ìbúra ṣẹ, àpáta yóò dákẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò ní padà sẹ́nu rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí èyí bí. Ọba tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún búra fún àwọn ará ìlú kò lè pe ilé, omi tàbí ọmọ mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sì ni ẹ̀rí pé ó ti ṣe ọba dáadáa. Ọ̀dọ́ ọlọ́rọ̀-púpọ̀ jẹ́ ẹni tí a kò fọkàn tán, nítorí pé kò tíì ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni. Òbí kì í fi orúkọ ọmọ búra, bí ìyà ti wù kó jẹ wọ́n tó. Ìyá kan tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ láti gba ọmọ rẹ̀ là ni ẹni tí ìwé mi dá lé lórí, nítorí pé kò lè pe ọmọ náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Orúkọ àti ẹ̀ka èdè

Ẹ jẹ́ kí orúkọ ìlú sọ ohun kan. Ìgbàrà-Odò wà ní Èkìtì, Ìgbàrà-Òkè sì wà ní ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n, òun náà sì ni ó sọ fún àlejò pé ìlú kan wà lẹ́bàá odò, èkejì sì wà lókè. Ìlúpéjú àti Ayétòrò ń rò ìtàn kí ẹnikẹ́ni tó ya ẹnu. Bí ẹ bá fẹ́ dá orúkọ tuntun, ẹ tẹ̀lé bí ẹnu Yorùbá ṣe ń pe ọ̀rọ̀: kọ́ńsónáǹtì méjì kì í tẹ̀lé ara wọn, ọ̀rọ̀ kì í sì fi kọ́ńsónáǹtì parí.

Ìṣúra kan tún wà lọ́wọ́ wa tí ọ̀pọ̀ ń tijú láti lò. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ọ̀rọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “u”, ṣùgbọ́n ní Èkìtì, ilé ni ulé, igi ni ugi. Mo fi “u” yìí ṣe àmì àwọn ará ìgbà ìwáṣẹ̀ ní Agbóhùn: abúlé ilé èrò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ń jẹ́ Ulérò, òǹkàwé sì mọ̀, láìjẹ́ pé mo sọ fún un, pé ó ti wà kí àwọn ìlú yòókù tó dé. Ibẹ̀ náà ni mo ti rí ihò tí àwọn tálákà ń gbà. Ẹni tí “ilé” bá ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ yóò lọ kọ́ “ulé” lọ́dọ̀ ará Ulérò, yóò sì san owó ẹ̀kọ́. Bí ẹ̀ka èdè abúlé ṣe di ọrọ̀ ajé nìyẹn, tí àwọn tí a ti ń fi ahọ́n wọn ṣe yẹ̀yẹ́ sì di ẹni tí ọba ń ránṣẹ́ sí.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má ṣe fún ẹni méjì ní orúkọ tí àmì ohùn nìkan yà sọ́tọ̀. Àmì lè sọnù lọ́dọ̀ atẹ̀wé tàbí lórí fóònù, àwọn méjèèjì yóò sì di ẹnì kan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ohun tí ó ti kọjá

Kò pọn dandan láti kọ ẹgbẹ̀rún ọdún. Ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta tí àwọn alààyè ṣì ń jiyàn lé lórí ti tó. Ẹ wo ogun Kírìjì, tí ìró ìbọn fún ní orúkọ: ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n bùdó kò tú tán títí di 1893. Ọdún méje wà láàárín àlàáfíà orí ìwé àti àlàáfíà gidi. Òǹkọ̀wé tí ó bá ní ojú yóò ronú nípa ọmọ tí a bí sí bùdó ní 1886, tí ó pé ọmọ ọdún méje kí ó tó mọ̀ pé ènìyàn lè gbé ibi tí kì í ṣe bùdó.

Ẹ tún rántí pé ìtàn kì í gbé inú ọ̀rọ̀ nìkan. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ní Ìkéré, ó sì fi òyìnbó tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ ọba hàn lára rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà dé ibi àfihàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924. Igi ni ó pa àlejò náà mọ́ bí ọba ṣe rí i. Kí ohun kan tí a fọwọ́ ṣe wà nínú ayé yín tí ó rántí ohun tí àwọn ènìyàn fẹ́ gbàgbé.

Ìgbésẹ̀ keje: Ohun tí kì í ṣe tiwa láti mú

Orò tí ìlú kan ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun èlò ìtàn. Èmi kì í kọ ohun tí a kò gbọdọ̀ rí, kódà bí ẹnì kan bá sọ ọ́ fún mi. Mo mú gbohùngbohùn láti ara àpáta Ìkéré. N kò mú ìbọ rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ààlà wà, ẹ lọ bi àgbàlagbà kan ní ìlú náà, kí ẹ sì gba ìdáhùn tí ó bá fún yín.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ìwé ayé

Ẹni tí ó bá ń dá ìwé rẹ̀ tẹ̀ gbọdọ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí ara rẹ̀. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ pín sí apá mẹ́rin: òfin, ilẹ̀ àti ìrìn, orúkọ, ọjọ́. Nígbàkígbà tí ohun kan bá wọ inú ìtàn, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú orí tí ó wà. Ohun tí kò bá tíì wọ inú ìtàn, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́, nítorí pé ẹ ṣì lè yí i padà. Ohun tí òǹkàwé bá ti kà ni kí ẹ fi bírò kọ. Ẹ ní ẹ̀dà rẹ̀ ní ibòmíràn yàtọ̀ sí orí kọ̀ǹpútà yín.

Ní ti títẹ orúkọ, ẹ yan bọ́tìnnì ìtẹ̀wé Yorùbá kan, kí ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ òmíràn. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú “ẹ́” ju ẹyọ kan lọ. Ojú kò ní rí ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá orúkọ kan láti tún un ṣe jálẹ̀ ìwé, ìdajì lè fò yín. Kí ẹ tó tẹ ìwé jáde, ẹ ṣí i lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, kí ẹ wo orúkọ tí ó ní àmì púpọ̀ jù lọ bóyá ó dúró tàbí ó di àpótí òfìfo.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ dán an wò pẹ̀lú ohun kékeré

Kí ẹ tó kọ orí àkọ́kọ́, ẹ kọ ojú ìwé méjì nípa ènìyàn kan tí kò ṣe pàtàkì, tí ó ń ra ohun kan tí kò ṣe pàtàkì. Ẹ má ṣe ṣàlàyé òfin ayé náà rárá. Ẹ fún ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ kà, kí ẹ sì bi í ohun tí ó rò pé ó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Bí ó bá lè sọ méjì nínú àwọn òfin yín, ayé náà ti dúró.

Mo mú tèmi padà lọ sí ọjà Ọba. Obìnrin arúgbó kan ni mo kọ, tí ó dé ọ̀dọ̀ aláte ní Ulérò, tí ó na ìka sí igbá, tí ó ya ẹnu, tí ohùn kò jáde. Aláte náà kò bi í léèrè. Ó wọn iyọ̀ fún un, ó fi ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, ó sì tẹrí ba, bí a ti ń ṣe fún ẹni tí ó ti fi iyọ̀ búra nígbà kan rí. Ìyá oníyọ̀ kà á tán lórí ìdúró. Ó ní, “Ta ni ó búra fún?”